Ohun Tí Mo Gbọ́ Nínú Táyà Àbúrò Mi

Gàníyù, pa ẹ̀rọ tí o fi ń fẹ́ táyà yẹn ná. Mo ní kí o pa á, táyà oníbàárà rẹ kò ní sá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ sún kí àgbàlagbà ráyè. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí bẹ́ǹṣì, ẹ fẹ̀yìn ti igi. Ṣùgbọ́n kí gbogbo yín bọ́ sí apá ọ̀tún mi, nítorí etí òsì mi kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ ń rí i lóòótọ́, ó lẹ̀ mọ́ orí mi bíi tiyín, ṣùgbọ́n ìgbọ́ràn inú rẹ̀ wà lọ́wọ́ iwin kan nínú igbó, mo máa tó sọ bó ṣe débẹ̀ fún yín.

Láti àárọ̀ ni ẹ ti ń pariwo lé mi lórí nípa eré ọkọ̀ tí ẹ wò nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ní awakọ̀ kan borí, àwọn yòókù wá ní ó ṣe màdàrú sí afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀. Àwọn kan nínú yín ní olè ni, àwọn kan ní ìlara lásán ni wọ́n ń ṣe sí i. Kò sí ẹnìkan tó rántí bi mí léèrè, èmi tí mo ti wo irú eré bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí wọn kì í ti í gba ife-ẹ̀yẹ, tí ohun tí wọ́n ń dù níbẹ̀ le ju ife-ẹ̀yẹ lọ. Ó dára. Ẹ pa ẹnu dé kí ẹ ṣí etí. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ó sì ń wù mí kí n gbé e kalẹ̀ lónìí nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, torí mi ò lè sọ ọ́ nínú òkùnkùn.

Ọdẹ́jìmí ni orúkọ mi. Ẹfọ̀n inú igbó yìí mọ orúkọ náà ju ẹ̀yin lọ. Nígbà tí mo wà ní géńdé, bí mo bá wúkọ́ létí odò, àgbọ̀nrín tó wà ní òdìkejì á kọ́kọ́ dágbére fún àwọn ọmọ rẹ̀ kó tó mumi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ta ló rẹ́rìn-ín? Ṣé bàbá rẹ kò sọ fún ọ pé èmi ni mo lé ẹkùn kúrò lóko wọn, tí mo fi ọwọ́ lásán lé e, tí ẹkùn náà ń wẹ̀yìn bí ọmọ tí wọ́n lé kúrò nídìí ọbẹ̀? Lọ bi í. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ojo ló ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rù fún yín.

Àbúrò kan ṣoṣo ni ìyá wa bí lé mi. Ògúnníran ni orúkọ rẹ̀, Níran ni ìyá wa ń pè é. Kò bá wa ṣe ọdẹ, ó ní ẹran igbó kò yára tó fún òun. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, ó kọ ọ́ síwájú rẹ̀ gàdàgbà pé MÁ DÈ MÍ LỌ́NÀ. Ní gbogbo òwúrọ̀ tó bá fẹ́ jáde, ìyá wa á tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, á ní, "Níran, rọra wakọ̀ o." Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Màmá, ọkọ̀ tó bá rọra, ọjà inú rẹ̀ á jẹrà." Ká tó ṣẹ́jú, eruku nìkan la ó máa rí.

Kọ́nà Òkè Àlùkò ló mú un. Ẹ mọ ibẹ̀. Ọkọ̀ náà fò kúrò lójú ọ̀nà, ó lọ dojú bolẹ̀ láàárín igbó. Ìgbà tí wọ́n gbé Níran délé, kò sí ojú ọgbẹ́ kan lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò rí wa. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀, bíi ti ẹyẹ tí òjò pa. A tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú yàrá ìyá wa. Ìyá wa jókòó ti orí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. "Níran o! Níran, padà wá! Ògúnníran ọmọ mi, padà!" Kò jẹun, kò dìde. Àfi ìgbà tó bá fẹ́ fín aáṣáà díẹ̀ símú ló ń dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n má baà gbàgbé. Láti kékeré ni ìyá wa ti ní ikọ́ fée. Bó bá mí, àyà rẹ̀ á ké, fée. Á wá dúró díẹ̀ láàárín, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, lẹ́yìn náà ló máa tó parí rẹ̀. Orí ìró yẹn ni èmi àti Níran sùn dàgbà. Bí a bá jí lóru nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí a bá gbọ́ ọ, a mọ̀ pé ilé wà ní àlàáfíà.

Olúọdẹ wa, bàbá Ògúnkọ̀yà, wá wo aláìsàn. Ó fi ìyẹ́ adìẹ sí i nímú, ó wò ó títí, ó mi orí. Ó ní, "Èyí tó kù nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Èémí rẹ̀ ti lọ sí Ìlú Eléruku. Níbẹ̀ ni àwọn tí ọ̀nà mú lọ ti ń sá eré ọkọ̀. Ẹni tó bá borí nínú eré ńlá wọn, wọ́n á dá èémí rẹ̀ padà fún un, á sì jí sínú ara rẹ̀ nílé. Èmi ti dàgbà kọjá kí n lọ síbẹ̀." Ìyá wa kò wo olúọdẹ. Èmi ló wò. Ó ní, "Ọdẹ́jìmí, lọ bá mi mú àbúrò rẹ bọ̀." Mo gbé ìbọn mi, mo jáde.

Ẹ má bi mí ní ọ̀nà tí mo gbà. Igbó náà wà lẹ́yìn igbó tí ẹ mọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn ẹyẹ ń fò, ìyẹ́ wọn kò dún. Mo tẹ ewé gbígbẹ, ewé náà kò ké lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Níbi tí ọ̀nà ti tẹ́ẹ́rẹ́, iwin kan jókòó sórí òkìtì bàtà. Orí rẹ̀ rí gànràngànràn bí òkìtì ọ̀gán, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo wo àwọn bàtà náà. Bàtà ọkùnrin, bàtà obìnrin, bàtà ọmọdé, gbogbo rẹ̀ pátá jẹ́ ti ẹsẹ̀ òsì. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti débi tí ọkọ̀ ti ṣe jàǹbá rí, ẹ mọ̀ pé bàtà kan máa ń wà lójú ọ̀nà, wọn kì í rí èkejì. Mo mọ ibi tí èkejì ń lọ.

Èmi ẹ̀wẹ̀, mo yìnbọn fún un. Ọta jáde lẹ́nu ìbọn, ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tó wá kí àgbà. Iwin náà mú un, ó fi sápò. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi, ojú inú rẹ̀ ń ṣẹ́.

Ó ní, "Ọdẹ, dáhùn kí o kọjá. Ó jáde lẹ́nu ìyá, ó ń wá ọmọ kiri. Bó bá rí ọmọ, ọmọ á gùn ún sáré. Kí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà, ẹ gbìyànjú rẹ̀. Ẹ rí i pé kò le. Mo ní, "Orúkọ ni. Ìyá ló ń pe orúkọ, ọmọ ló ń jẹ́ ẹ káàkiri ayé."

Iwin náà pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dé. Ó ní, "Ìdajì lo gbọ́. Ìdajì ìgbọ́ràn rẹ náà ni n ó gbà." Kí n tó sọ pé rárá, ó ti fi ìka kan etí òsì mi, gbogbo apá òsì ayé pa lọ́lọ́. Títí di òní ló pa bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n máa lọ, pé etí tó kù fún mi máa gbọ́ tiẹ̀ àti ti èkejì rẹ̀.

Mo kọjá ìlú kan kí n tó dé ibi tí mo ń lọ. Ìlú Tààrà ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará ibẹ̀ kò lè yà. Bí ẹnìkan bá dìde láti ibi tó jókòó, tààrà ló ń lọ. Bí ó bá kan ògiri, á gba inú ògiri náà kọjá, kò sì sí ilé kan níbẹ̀ tí ògiri rẹ̀ kò ní ihò tó rí bí ènìyàn. Ó kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ń lọ mumi, kànga wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ó ń wò ó, ó ń sunkún, ó kọjá lọ. Nígbà náà ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Obìnrin kan tí gbogbo iwájú orí rẹ̀ ti wú ń bọ̀ níwájú mi, mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un. Bó ṣe ń kọjá ló ń sọ̀rọ̀, kò lè dúró. Ó ní, "Ọdẹ, bí o bá délé, sọ fún wọn pé mo rí kọ́nà náà. Mo rí i dáadáa. Mo rò pé yóò dúró dè mí ni." Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ títí ó fi gba inú ògiri kan wọlé, tó gba ti èkejì jáde.

Báyìí ni mo dé Ìlú Eléruku. Ilẹ̀ ibẹ̀ jin kòtò bí inú igbá, etí igbá náà sì kún fún àwọn òǹwòran tí ara wọn jẹ́ eruku. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ojú ẹnìkan á fò sára ẹlòmíràn. Ní ìsàlẹ̀, ojú ọ̀nà kan yí po, ó ní kọ́nà kan tó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ ní ìkángun rẹ̀. Mo wo kọ́nà náà, ara mi bù máṣọ. Kọ́nà Òkè Àlùkò ni. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó níbẹ̀, kọ́nà tó mú tirẹ̀ ló máa rí.

Àwọn ọkọ̀ wọn, ìyókù ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ni wọ́n fi tò wọ́n. Ilẹ̀kùn ti bọ́ọ̀sì, bónẹ́ẹ̀tì ti takisí, ìjókòó tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí. Mo rí èyí tí wọ́n kọ MÁ DÈ MÍ síwájú rẹ̀, èyí tó kù nínú ọ̀rọ̀ náà ti ya lọ. Àbúrò mi jókòó nínú rẹ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú eruku. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin náà ti kú ni?"

Mo ní, "Ta ló fẹ́ pa mí? Mo wá mú ọ lọ sílé."

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Wọ́n jókòó tì ọ́, wọ́n ń pè ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́."

Ó gbé ojú sílẹ̀. Ó ní òun kì í gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ ju ẹ̀rọ ọkọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé ìlú náà fún mi. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní nínú eré ńlá, á lọ sílé. Ẹni tó bá ṣe àṣegbẹ̀yìn, á di eruku lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó bá wà láàárín á dúró de òmíràn. Kò sí ẹni tó lè kọ̀ láti sáré, ẹni tó bá kọ̀, wọ́n á fi ọ̀kọ̀ bẹ́ táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun náà á parẹ́. Èémí ènìyàn ni wọ́n ń fẹ́ sínú táyà, èémí àwọn tó ṣì wà láyé. Bí táyà bá sá eré ńlá tán tó ṣì kún, èémí á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, ẹni náà á kàn rò pé ó rẹ òun díẹ̀ ni. Bí ó bá jò, èyí tó jò ti lọ nìyẹn. Àwọn awakọ̀ kò mọ ti ẹni tí wọ́n ń gùn.

Ìyá Oníwọ̀n ló ń fẹ́ ẹ. Iwin gíga kan ni, tó máa ń na ẹnu igbá rẹ̀ sí ọ̀nà ayé, tí á bu èémí, tí á sì dà á sínú táyà. Á wá ki géèjì tó fi ń wọn afẹ́fẹ́, tí wọ́n fi egungun ṣe, bọ ẹnu táyà kọ̀ọ̀kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti parí, kò tún ní wò wọ́n mọ́. Ní ìlú yẹn, ohun tó bá ti sáré tán, òkú ni wọ́n kà á sí, wọn kì í fọwọ́ kan òkú. Èèwọ̀ wọn tó ga jù nìyẹn.

Níran wá fa ọwọ́ mi sún mọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo ọkọ̀ funfun yẹn. Wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n ń pe ẹni tó ni ín. Òun ló ń borí láti ìgbà tí wọ́n ti ń sáré níbí, kò sì lọ sílé rí. Ó jókòó síbẹ̀ ó dí gbogbo wa lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n, táyà tó bá ń sáré á gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, táyà á le, kò ní di ilẹ̀ mú mọ́ ní kọ́nà. Gbogbo wa ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Tirẹ̀ kì í le. Màdàrú ló ń ṣe. Ọdẹ ni yín, ẹ bá mi tọpa rẹ̀. Bí ẹ bá rí i mú, Ọba Eruku tó ni ìlú yìí á yọ ọ́ kúrò, n ó sì lọ sílé."

Inú mi dùn. Iṣẹ́ ọdẹ nìyẹn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ẹranko tí mo bá ti fi ojú sí lára kì í jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Wọ́n sá eré kékeré kan láti fi gbára dì fún eré ńlá. Mo dùbúlẹ̀ létí kọ́nà, mo fi etí ọ̀tún mi lélẹ̀. Àwọn ọkọ̀ dé gììrì, wọ́n ń yọ̀ lójú kọ́nà bí ẹni tó tẹ ilá. Wọ́ọ́rọ́ kò yọ̀. Bó ṣe kọjá, mo gbọ́ ìró tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ariwo náà, bí ìgbà tí nǹkan ń sá jáde láti ojú ihò kékeré. Mo ní, ó tán, ọwọ́ ti bà á. Ọkọ̀ Níran ló tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí, òun náà kò yọ̀. Mo tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Eruku eré kò tíì lọ sílẹ̀ tí mo ti ń rá pálá lọ sídìí ọkọ̀ funfun náà. Mo rá bí mo ṣe máa ń rá mọ́ ẹfọ̀n, koríko kò mì. Ohùn kan sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀.

"Dìde, ọdẹ. O máa ba aṣọ rẹ jẹ́."

Ọkùnrin arúgbó ni, ojú rẹ̀ tutù. Mo dìde, mo ní wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé táyà rẹ̀ ń jò. Kò bínú. Ó ní, "Kì í ṣe ìwọ ni àkọ́kọ́. Fọwọ́ kàn án, bí o bá láyà. Ṣùgbọ́n ó ti sáré tán o."

Mo láyà. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé táyà náà. Ẹ wò ó, ẹ wá wo ọwọ́ mi, ṣé ẹ rí ìlà kankan nínú rẹ̀? Níbẹ̀ ni ìlà rẹ̀ ṣẹ́kù sí. Táyà náà kún, kò sí ihò lára rẹ̀. Ó sì tutù bí omi inú kòtò kànga, táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tán.

Mo ní, "Kí ló dé tí kò gbóná?"

Ó ní, "Afẹ́fẹ́ igbó lásán ló wà nínú rẹ̀. Ìyá Oníwọ̀n na igbá sí ọ̀nà ilé mi, kò rí nǹkan kan bù. Àwọn tó mọ̀ mí ti kú tán. Èémí ẹni tó bá ń pe ènìyàn ló ń gbóná nínú táyà, ọdẹ. Tèmi kò ní ẹni tó ń pè é. Mo ń borí, kò sí ibi tí mo fẹ́ lọ. Ṣé o rò pé ó wù mí?"

Mo ní, "Ẹni tó ń pe ènìyàn?"

Ó ní, "Èémí ta ni wọn ì bá tún bù fún un?"

Orí mi wú. Mo gbọ́ iwin olójú-àtẹ́lẹwọ́ náà bí ẹni pé ó dúró tì mí. Ó jáde lẹ́nu ìyá, ó ń wá ọmọ kiri. Mo yí padà, mo sá lọ sídìí ọkọ̀ àbúrò mi, mo wólẹ̀, mo fi etí mi kan ṣoṣo lé táyà rẹ̀. Ó gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Ìró tẹ́ẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀. Kò wà lára Wọ́ọ́rọ́ rárá.

Fée. Ó dúró díẹ̀. Ó wá parí rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti gbọ́ igbe ẹkùn nínú ihò. Mo ti gbọ́ tí òkú ń rìn lórí òrùlé àbà mi. Kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù tó ìró yẹn.

Níran dúró lẹ́yìn mi. Mo ní, "Kí lo fi lu táyà yìí?"

Kò jiyàn. Ó yọ ẹ̀gún ọsàn kan láti inú irun orí rẹ̀, ó fi hàn mí. Ó ní, "Bó bá tutù, ihò á pa ẹnu dé, géèjì kò ní rí i. Bó bá gbóná, ó máa ń tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wò ó lẹ́yìn eré. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́ọ́rọ́ náà ń ṣe é."

"Wọ́ọ́rọ́ kò ṣe nǹkan kan."

"Kó má ṣe é! Mo fẹ́ wálé! Ṣé ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn máa rí kọ́nà yẹn lójoojúmọ́? Mi ò mọ ẹni tí èémí rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ṣáà ni, níbì kan."

Mo ní, "Kúnlẹ̀. Gbé etí rẹ sí i."

Ó kúnlẹ̀. Mo ń wo ojú rẹ̀. Mo rí ìgbà tó gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ yí padà, ó di ojú ọmọ kékeré tó jí lóru, tó ń wá ibi tí ìyá rẹ̀ sùn sí. Ó ní, "Màmá." Ó gbá táyà náà mọ́ra, ó fi ọwọ́ dí ibi tí ó lu, ó ń sunkún, ó ń ní kí n wá nǹkan, kí n tètè wá nǹkan.

Oje igi ni mo rí. A yọ́ ọ, a fi dí gbogbo ojú ihò. Bí a ti ń dí i ni ìró náà ń dákẹ́. Mo ń sọ̀rọ̀ bí aṣiwèrè. Mo ní n ó bá Ọba Eruku jà. Mo ní n ó fọ́ igbá Ìyá Oníwọ̀n. Ẹ mọ̀ mí, n ó ṣe é. Níran ní, "Bí ẹ bá fọ́ igbá náà, èyí tó wà nínú táyà yìí kò ní mọ̀nà ilé mọ́." Mo wá jókòó sílẹ̀.

Ó ní, "Bí mo bá sáré, táyà tó kún á le ní kọ́nà, á sì bẹ́."

Mo ní, "Bí o bá sì rọra?"

 Ó ń nu ojú gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀, gíláàsì tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Ṣé màmá ló ní kí ẹ mú mi bọ̀?"

"Àwọn ni."

"Ẹ sọ fún wọn pé mo rọra wakọ̀."

Ìyá Oníwọ̀n wá ki géèjì rẹ̀ bọ gbogbo táyà, ó tún fẹ́ èyí tó dín, gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Wọ́n tú eré ńlá sílẹ̀. Àwọn yòókù ya lọ bí iná ọyẹ́. Ògúnníran, ọmọ ìyá mi, ẹni tí kì í jẹ́ kí eruku ẹlòmíràn bà lé e lórí, ń bọ̀ lẹ́yìn wọn bí ẹni tó gbé ẹyin. Àwọn òǹwòran bú sẹ́rìn-ín, eruku ẹnu wọn ń fò. Wọ́n ń pè é ní ìgbín, wọ́n ń pè é ní arúgbó. Kò wò wọ́n. Ó dé kọ́nà Òkè Àlùkò, ó tẹ bíréèkì, ó rọra yà á, ó jáde ní òdìkejì. Kọ́nà tó mú un, ó yà á. Mo dìde, mo hó fún un, èmi nìkan ni mo hó.

Òun ló ṣe àṣegbẹ̀yìn. Ó wa ọkọ̀ náà wá síwájú mi, ó dúró. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ìyá wa. Ẹ̀rín náà ló kọ́kọ́ di eruku. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ìtọ́kọ̀ nígbà tí orí àti àyà rẹ̀ ti lọ. Nígbà tó yá, ọwọ́ náà lọ.

Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tú èémí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fẹ́ kọjá lójú mi, ó ń rùn bí aáṣáà, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ. Mo tẹ̀ lé òórùn náà. Wọ́ọ́rọ́ gbé ọwọ́ sókè sí mi láti inú ọkọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Òun ló tún borí, kò sí ẹni tó kí i.

Ara àbúrò mi ti tutù nígbà tí mo délé. Wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Ìyá wa jókòó sí ibi tí mo fi í sí, ó ti rù, ṣùgbọ́n ó ń mí. Wọ́n ní ó ti ń kú lọ, àfi bí ìgbà tí ẹnìkan dìde kúrò lórí àyà rẹ̀, ló bá jókòó.

Ó wo ẹ̀yìn mi. Ó ní, "Ìwọ nìkan."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ó ní kí n sọ fún yín pé òun rọra wakọ̀."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Irọ́ lo ń pa. Níran kì í rọra." Mo búra fún un. Mo fi ìbọn búra, mo fi irin búra. Nígbà tó rí i pé òótọ́ ni mò ń sọ, ó fi etí gèlè rẹ̀ bojú, ó sunkún débi tí mo fi bẹ̀rù pé àyà rẹ̀ á já. Kò bi mí bó ṣe jẹ́. Mi ò sì sọ fún un. Ó rò pé òun ló sùn lọ tí òun kò pè é tó. Kí ni n bá wí? Kí n sọ fún un pé ìpè rẹ̀ ni Níran ń gùn sáré?

Ó ti darúgbó báyìí, etí rẹ̀ ti di, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́ létí ilé rẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ni mò ń jókòó sábẹ́ fèrèsé rẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin rò pé atẹ́gùn ni mò ń gbà.

Gàníyù, má tíì tan ẹ̀rọ yẹn. Ẹ dákẹ́, gbogbo yín. Ìyá wa ti sùn. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?

Fée.

Ẹ dúró. Ó máa parí rẹ̀.